Fèrè Tókùnbọ̀ ní Onitsha

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà tó ti sọdá odò Ọya tipẹ́, tí kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó sọdá. Ní Onitsha, oníṣòwò tí kò gbọ́ Yorùbá kọjá "ẹ káàárọ̀" yóò nawọ́ sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tàbí fíríìjì, á ní tókùnbọ̀ ni. Orúkọ ọmọ ni Tókùnbọ̀ nílé wa, ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n sì gbé wálé. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó sọ ọ́ di orúkọ ọjà. Àwọn tó ń tà àti àwọn tó ń rà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ń bá wọn ṣírò owó. Bí wọ́n bá ti ní tókùnbọ̀ ni nǹkan, o ti mọ̀ pé wọ́n ti lò ó rí, pé òkè òkun ni wọ́n ti lò ó, pé kò tíì jẹ ìyà ojú ọ̀nà wa, pé ó wọ́n ju èyí tí wọ́n lò níbí lọ, àti pé kò tó owó tuntun. O ti mọ ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Àwọn tó ń ta páàtì ọkọ̀ tún ní orúkọ mìíràn fún irú ọjà bẹ́ẹ̀: Bẹ́ljíọ̀mù. Ẹ̀rín máa ń pa mí, nítorí ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù gan-an ni Adolphe Sax, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe sàsófóònù. Ìlú Dinant ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1814, Paris ló sì ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí fèrè náà lọ́dún 1846.

Èmi a máa fi tókùnbọ̀ wọn gbogbo ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n bá gbé wá fún iṣẹ́ ọwọ́. Mi ò kọ́kọ́ ń béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà dùn létí, tàbí bóyá gbogbo sílébù rẹ̀ jẹ́ Yorùbá pọ́nńbélé. Mo ń béèrè bóyá ẹni tó fẹ́ náwó lè tipa rẹ̀ mọ ohun tó kàn láti ṣe. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1984 wúlò gidigidi fún olùkọ́ èdè, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ní pátákó àti ẹfun láti fi ṣàlàyé. Ẹni tó dúró síwájú ọjà ní Onitsha kò ní nǹkan kan ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, oníṣòwò sì ti ń wo ojú ẹlòmíràn.

Ọjà tí mò ń wí yìí ni sàsófóònù àtijọ́. Kò yẹ kó yani lẹ́nu pé irú rẹ̀ ń jáde ní Onitsha. Ìlú orin ni. Ilé-iṣẹ́ Rogers All Stars tó fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó ló gbé "Sweet Mother" ti Prince Nico Mbarga jáde lọ́dún 1976, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti kọ̀ ọ́. Plaza Hotel ìlú náà sì ni Rocafil Jazz, ẹgbẹ́ Mbarga, ti ń ṣeré. Osita Osadebe, ọmọ Atani lẹ́bàá odò níbẹ̀, kó Nigeria Sound Makers jọ, fèrè idẹ kì í sì í wọ́n nínú orin rẹ̀. Ṣáájú wọn ni ìgbà tí ẹgbẹ́ háíláìfù kò lè dúró lójú agbo láìní sàsófóònù. Lápá ọ̀dọ̀ wa, Bobby Benson fọn ọ́n, Roy Chicago fọn ọ́n, Chris Ajilo àti Orlando Julius fọn ọ́n. Fẹlá tó kọ́ kàkàkí òyìnbó ní Trinity College nílùú Lọ́ńdọ̀nù gbé sàsófóònù nígbà tí Igo Chico fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1973. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, gìtá gba iwájú orin ní ìhà ìlà-oòrùn, fèrè púpọ̀ sì wọ abẹ́ ibùsùn. Lónìí, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wá wọn jáde.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fọn fèrè nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá níbẹ̀ ló gbé sàsófóònù áltò kan wá bá mi, nínú àpótí tí awọ rẹ̀ ti ń bó. Ìdílé olórin kan tó ti dolóògbé ló fẹ́ tà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń tún ṣe?" Kì í ṣe òun ló máa sanwó. Bàbá rẹ̀ ni, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Àyàn, tó ń lùlù tó sì ń fawọ bo ìlù fún ẹlòmíràn. Bàbá kò fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tó ṣe fèrè náà, ohun tí yóò ná wọn, àti bóyá kí wọ́n kúkú fi owó náà ra tuntun. Èmi tí mo ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ nípa sàsófóònù láti ọjọ́ pípẹ́ wá rí i pé iṣẹ́ ti bá mi.

Ohun tí Bàbá kọ́kọ́ bi mí lórí fóònù ni pé, "Kàkàkí ni àbí fèrè?"

Mo ní idẹ ni wọ́n fi ṣe é.

"Mi ò béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ṣé ó ní ihò tí wọ́n ń dí, àbí ètè nìkan ni wọ́n fi ń yí ohùn rẹ̀ padà?"

Mo ní ó ní ihò, ihò tó lé ní ogún.

"Fèrè ni nígbà náà."

Àwọn onímọ̀ orin ní Yúróòpù kò jiyàn sí i. Bí sàsófóònù ṣe jẹ́ idẹ láti ọrùn dé ìdí yẹn, ẹbí fèrè onígi ni wọ́n kà á mọ́, nítorí ahọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n lẹ́nu rẹ̀, èyí tí wọ́n gé lára ohun ọ̀gbìn kan tó jọ ọparun. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ orin ní láti há èyí sórí. Bàbá fi ìbéèrè kan ṣoṣo dé ibẹ̀. Nítorí náà, fèrè ni mo ń pè é. Ìgbà tí fèrè mìíràn bá wà nítòsí nìkan ni mo máa ń sọ pé sàsófóònù.

Onitsha tún ni ibi tó yẹ kéèyàn ti rántí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn. Òun ló dá iṣẹ́ ìránṣẹ́ CMS sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1857. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ ti jáde lọ́dún 1843, ọdún mẹ́ta ṣáájú ìwé ẹ̀tọ́ Sax, nítorí náà a kò lè bi í léèrè ìdí tí sàsófóònù kò fi sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé orí ohun èlò orin inú Bíbélì, ilé ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀: dùùrù, fèrè, ìpè. Dùùrù tí Dáfídì ń ta nínú ìwé yẹn la tún fi ń pe èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Ọ̀kan ń lo okùn tí ìka ń ta, èkejì ń lo àtẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣìnà sí i. Ọ̀rọ̀ ilé kì í bẹ̀rù láti ṣe iṣẹ́ tuntun.

Ẹ̀yà ara fèrè náà kò le púpọ̀. Ọrùn wà, ara wà, ìdí tó tẹ̀ kọ̀rọ̀ wà. Ẹnu ló dá wàhálà sílẹ̀, nítorí ó ní méjì. Apá tó fẹ̀ gbàràmù nísàlẹ̀, orúkọ tí òyìnbó fi ń pe agogo ni wọ́n fi ń pè é. Bí mo bá sọ fún ọmọ Àyàn pé agogo fèrè náà ti tẹ̀, yóò béèrè ọ̀pá tí wọ́n fi ń lù ú. Ẹnu ni mo pe ìyẹn, bí ẹnu ìkòkò. Ibi tí olórin ń fẹnu sí kò wá lè jẹ́ ẹnu mọ́, mo sọ ọ́ ní ìfẹnusí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń di ahọ́n mọ́ ìfẹnusí, ọ̀já ni mo pè é, nítorí iṣẹ́ tí ọ̀já ń ṣe lẹ́yìn ọmọ ló ń ṣe. (Sísọ èyí ní Onitsha ń fẹ́ ìṣọ́ra: ọja ni àwọn Ìgbò ń pe fèrè onígi tiwọn, èmi sì ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀já fèrè nínú ọjà. Ẹni tó bá ní àmì ohùn kò wúlò, kó wá gbọ́rọ̀ yìí.) Ọ̀já àti ìfẹnusí kò sì fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀rọ̀ pé kí a tún fèrè ṣe tàbí kí a má tún un ṣe, nítorí pé a lè rà wọ́n lọ́tọ̀. Mo yára kọjá níbẹ̀.

Ohun tí ìka ń tẹ̀ ni mo dúró lé lórí. Orúkọ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ni Gẹ̀ẹ́sì fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni wọ́n fún ìdérí tó ń bo ihò, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni wọ́n sì tún ń lò fún ohùn tí orin dúró lé. Bí mo bá tú u sí kọ́kọ́rọ́ láìronú, mo ti kó rúdurùdu Gẹ̀ẹ́sì wọ ilé Yorùbá. Bọ́tìnì ni ọmọ náà ń pe ibi tí ìka ń bà, gbogbo ẹni tó ń fọn fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń bo ihò ni mo pè ní ọmọrí. Irin gígùn tó so bọ́tìnì pọ̀ mọ́ ọmọrí jẹ́ ọ̀pá, èyí tó dúró lára fèrè tí ọ̀pá gbára lé sì jẹ́ òpó. A lè tẹ bọ́tìnì lókè kí ọmọrí sì pa dé nísàlẹ̀, ọ̀pá ló gbé iṣẹ́ náà lọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé dé ibẹ̀, Bàbá ní ó ti yé àwọn, kí n máa sọ̀rọ̀ lọ.

Inú ọmọrí ni ọ̀rọ̀ owó wà. Abẹ́ ọmọrí kọ̀ọ̀kan ní ohun rírọ̀ tó ń jókòó lé etí ihò kí afẹ́fẹ́ má baà jáde. Mo kọ́kọ́ fẹ́ pè é ní awọ, nítorí awọ ló wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọmọ Àyàn yóò rò pé wọ́n ta awọ náà bí ojú ìlù. Tìmùtìmù ni mo wá sọ.

"Tìmùtìmù? Irú èyí tí à ń jókòó lé?"

"Irú ẹ̀ náà ni, Bàbá, àmọ́ èyí tó kéré jù nínú wọn kò ju ẹyọ owó lọ."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Mo ní irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ni, páálí wà lẹ́yìn rẹ̀, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló bò ó lójú.

"Kòkòrò ti jẹ ẹ́ nìyẹn."

Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún wọn. Òótọ́ sì ni: méjì nínú tìmùtìmù ìsàlẹ̀ ti di lúbúlúbú, awọ èyí tó kù ti le gbagidi bí èèpo igi, ojú rẹ̀ sì ti ní àpá kíríbítí níbi tó ti ń jókòó lé etí ihò fún ọdún gbọọrọ. Ẹni tó bá mọ tìmùtìmù mọ̀ pé kì í ṣe ohun ayérayé. Ó ń gbó, à ń pààrọ̀ rẹ̀, ilé kò sì torí rẹ̀ wó. Fèrè tí gbogbo tìmùtìmù rẹ̀ ti kú lè wà láàyè dáadáa. Kò kàn lè sọ̀rọ̀ ni. Oníṣòwò tó gbé e fún ọ tó ní kò dún, tó wá dín owó rẹ̀, lè máa ta ohun tó dára fún ọ lówó pọ́ọ́kú. Ó sì lè máa tan ọ́.

Láti mọ ibi tó ń jò, a fi gílóòbù kékeré onílẹ́ẹ̀dì so mọ́ wáyà, a sọ ọ́ sínú ara fèrè, a sì rọra ń tẹ àwọn ọmọrí lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná ìlú ti lọ, òkùnkùn tí a nílò ti wà nínú yàrá láìjẹ́ pé a ti fèrèsé. Ọmọrí tó jókòó dáadáa kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yọ. Èyí tí kò jókòó, ìlà ìmọ́lẹ̀ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà mìíràn ní ìhà kan ṣoṣo. Bí ìlà náà bá yọ yíká, tìmùtìmù ló ti súnkì. Bó bá jẹ́ ìhà kan ló ti yọ, ọmọrí lè ti wọ́, tàbí kí etí ihò fúnra rẹ̀ má tẹ́jú mọ́. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yìí tóbi nínú àpò. Tìmùtìmù ń gba àtè gbígbóná àti sùúrù. Etí ihò tó ti wọ́ ń gba alágbẹ̀dẹ tó mọ fèrè, kì í sì í ṣe ẹni tó ń lu ara mọ́tò. Nítorí náà mo ya orúkọ wọn sọ́tọ̀ nínú ohun tí mo ń sọ fún Bàbá: tìmùtìmù ń jò, etí ihò wọ́. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀, tó ní fèrè ń jò, kò tíì sọ nǹkan kan.

Fún sípíríìngì, mi ò wá ọ̀rọ̀ kankan. Irin bí abẹ́rẹ́ ni, tó ń dá ọmọrí padà síbi tó wà. Méjì ti dá, mẹ́ta ti dípáàrà. Mẹkáníìkì láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Nnewi ló ń sọ pé sípíríìngì, Bàbá náà sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní irin amúǹkan-padà-sípò, kó lọ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, kó wò ó bóyá wọn yóò ta á fún un.

Ara fèrè ló ń pinnu bóyá ó tó ohun à ń tún ṣe. Ibi méjì ti tẹ̀ wọlé ní ìdí, kò burú. Irú rẹ̀ ń jáde bí wọ́n bá ti inú fi irin roboto tì í. Èyí tó yẹ kí a bẹ̀rù ni ọrùn tó ti tẹ̀ sísàlẹ̀ nítorí ọwọ́ líle tó ń tì í wọlé, tàbí ara tó ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ nítorí pé ó ṣubú, torí bí ara bá ti tẹ̀, ọ̀pá kò ní yí lórí òpó mọ́. Òpó kan ti ṣí lára tiwa. Òjé ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, òjé náà ni wọ́n á tún fi lẹ̀ ẹ́. Mo sọ ìyẹn fún Bàbá lọ́rọ̀ kan, wọ́n kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ti fi iná wẹ́dà lẹ̀ ẹ́ kó tó dé ọwọ́ wa, ǹ bá ti ní kí ọmọ náà dá a padà lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ idẹ ló dá mi dúró jù. Idẹ kì í ṣe ẹyọ irin kan. Bàbà àti síǹkì ni wọ́n yọ́ pọ̀, èyí tí wọ́n sábà fi ń ṣe fèrè sì ní bàbà tó tó nǹkan bí 70 nínú 100. Òógùn ọwọ́, itọ́ àti ọ̀rinrin tó ń jókòó sínú ọrùn fèrè lè máa fa síǹkì jáde díẹ̀díẹ̀, títí á fi ku bàbà nìkan níbẹ̀, tí á rí wúruwùru, tí kò sì ní agbára mọ́. Ohun tí èèyàn fi ń mọ̀ ọ́n ni àbàwọ́n pupa rúsúrúsú, nígbà mìíràn pẹ̀lú àmì dúdú láàárín rẹ̀. Òyìnbó ń pè é ní ìjẹrà pupa. Bí mo bá sọ fún Yorùbá pé idẹ náà ti pọ́n, oríire ni yóò gbọ́: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, obìnrin tó pọ́n bí epo. Yóò rò pé mò ń yìn ín, á sì mówó jáde. Mo gbé pupa sọnù, mo mú ìjẹrà nìkan. Idẹ ọrùn fèrè yìí ti ń jẹrà ní ibì kan tí kò tó èékánná ọmọ-ìka, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìfẹnusí ń wọ̀. Bí ó bá jẹ́ ara ló ń jẹrà káàkiri ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọrùn nìkan kò pa fèrè, nítorí pé a lè rí ọrùn mìíràn tó bá a mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rọrùn.

Òdìkejì rẹ̀ ni fáníṣì. Bí kò bá sí mọ́, tí idẹ náà ṣókùnkùn, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé fèrè ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ rárá. Ohùn rẹ̀ kò dín. Èyí tó yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ họ, tí wọ́n wá kùn lákọ̀tun kí ó lè máa dán lójú oníbàárà, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń họ ọ́ ni idẹ ń tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ àti òdòdó tí wọ́n fín sí i lára sì ń parẹ́. Àwọn tó ń kó fèrè àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà ń san owó tó pọ̀ jù lọ fún èyí tó ní fáníṣì àkọ́kọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti bó káàkiri. Fún irú àṣìṣe yìí, mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kan tí àwọn aránṣọ ń lò: dídọ́gbọ́n sí i. Wọ́n dọ́gbọ́n sí fèrè. Gbogbo ẹni tó ti ra ṣòkòtò tí wọ́n dọ́gbọ́n sí mọ ohun tí mo ń wí.

Ìwọ̀n ohùn ló kù, òun ló sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ láìsí àpá kankan lára. Ọ̀pọ̀ fèrè tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà títí di àwọn ọdún 1920 ló wà ní oríṣi méjì. "LOW PITCH" tàbí lẹ́tà L ni wọ́n fín sí abẹ́ nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fún ọ̀kan, "HIGH PITCH" sí èkejì. Ìkejì yẹn, ìwọ̀n àwọn ẹgbẹ́ olórin ológun àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe é: ohùn A tó jẹ́ 440 lónìí, nǹkan bíi 457 ni nínú tirẹ̀. Ní ìpàdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1939 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò sórí 440, ayé sì ti gbàgbé èkejì. Fèrè onírú bẹ́ẹ̀ kò lè bá dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ṣọ̀kan láéláé. Bí o bá fa ìfẹnusí jáde láti rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ihò tó sún mọ́ ọrùn á rẹlẹ̀ ju àwọn tó wà nísàlẹ̀ lọ, fèrè yóò sì máa bá ara rẹ̀ jà.

Bí mo bá tú u sí ohùn òkè, mo ti kó Bàbá lọ sí kíláàsì gírámà, níbi tí àmì ohùn ti ní òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Wọ́n lè rò pé fèrè tí ohùn rẹ̀ lọ sókè ni, tí ó sì dára fún ọmọdékùnrin tó fẹ́ kí ìjọ gbọ́ òun. Mo ní ìwọ̀n àtijọ́ ni. Wọ́n ní, "Tí ó bá jẹ́ ìlù, a ó fa ọṣán." Mo ní fèrè kò ní ọṣán, Bàbá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Tiyín ńkọ́?" Mo gbé gíláàsì ìwòran lé nọ́ńbà ara rẹ̀, mo ka "LOW PITCH" sókè fún wọn, mo sì tú u: ìwọ̀n òde òní. Wọ́n ní kí n máa bá a lọ.

Orúkọ tó wà lẹ́nu fèrè náà kì í ṣe orúkọ ẹni tó ṣe é. Orúkọ ilé ìtajà kan ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ìgbà yẹn, bíi Conn ní Elkhart, ń ṣe fèrè fún àwọn olùtajà kí wọ́n fín orúkọ tiwọn sí i. Fèrè ayálórúkọ ni mo pè é, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ohun méjì fún ẹni tó fẹ́ rà á: kò sí iyì orúkọ nínú owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ńlá lè wà lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Ká ní Selmer Mark VI ni, irú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1954, àlàyé mi kì bá tí gùn tó báyìí. Èyí tó bàjẹ́ jù nínú ìyẹn ṣì máa ń tó ohun à ń tún ṣe, nítorí owó tí wọ́n fi ń tà á lẹ́yìn àtúnṣe.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àtúnṣe fúnra rẹ̀, èyí tí mo rò pé ó rọrùn jù. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí òyìnbó ń lò. Ọ̀kan ni kí fèrè lè fọn: tìmùtìmù, sípíríìngì, òpó tó ṣí, kóòkì ọrùn. Èkejì ni kí ó rí bí ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde ní ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú fáníṣì àti gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ó má bàjẹ́ ju bó ṣe wà lọ, kí ìdílé lè gbé e kọ́ ògiri. Àtúnṣe ni mo pe èkíní, ìsọdọ̀tun èkejì, ìtọ́jú ẹ̀kẹta. Onílé-iṣẹ́ tó bá ní òun fẹ́ bá ọ "ṣe fèrè rẹ", bi í léèrè èyí tó ní lọ́kàn nínú mẹ́ta, nítorí pé owó wọn kò dọ́gba. Lójú tèmi, ìsọdọ̀tun kì í sábà yẹ fún fèrè ayálórúkọ. Àtúnṣe sì yẹ bí iye rẹ̀ pọ̀ mọ́ iye tí wọ́n tà á kò bá ju owó tí a fi lè ra èyí tó jọ ọ́ tó ti ń fọn dáadáa. Ìfẹ́ lè mú kéèyàn ná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ìfẹ́ ni, kó má fi ṣe ìṣírò.

Nígbà tí mo parí, mo gba ohùn sílẹ̀ lórí WhatsApp fún Bàbá, kí wọ́n lè tún un gbọ́ kí wọ́n tó pinnu:

"Ẹ káalẹ́, Bàbá. Fèrè ayálórúkọ ni, ìwọ̀n òde òní. Ara rẹ̀ kò tẹ̀, kò jẹrà. Ọrùn ń jẹrà ní ibì kan ṣoṣo, ó ṣì lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan kí a tó wá òmíràn. Gbogbo tìmùtìmù ni kí wọ́n pààrọ̀, kí wọ́n má pààrọ̀ ìdajì. Sípíríìngì márùn-ún. Òpó kan, òjé ni kí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Etí ihò kan ti wọ́ nísàlẹ̀, ìyẹn ló máa gbówó. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan fáníṣì rẹ̀. Àtúnṣe ni, kì í ṣe ìsọdọ̀tun."

Bàbá tún un gbọ́, wọ́n pè padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kò béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kankan. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí ọmọ wọn padà lọ bá àwọn tó ń ta fèrè náà, kó ní òun á rà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ owó tìmùtìmù àti ti etí ihò kúrò nínú iye tí wọ́n dá lé e. Bí wọ́n bá kọ̀, kó fún wọn ní ìdajì báyìí, kó san ìyókù lẹ́yìn tí fèrè bá fọn. Ọmọ náà ní àwọn yẹn ò gbọ́ Yorùbá. Bàbá ní kó sọ tókùnbọ̀, wọ́n á gbọ́.